Mọ́tò yín dàgbà kọ́ ni kí ẹ máa rọ ọ́ìlì tó ki sí i

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Lánàá báyìí, ní gáráájì kan ní Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí, mẹkáníìkì kan tún ń sọ fún ìyá kan tó gbé Corolla 2005 wá ṣe vidange, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì, pé Màmá, mọ́tò yín ti dàgbà, 20W-50 tó ki ni ká fún un, ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ló ń pa ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni! Bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ́ńjìnì ló ń sọ ọ́ìlì tó máa mu, ìyẹn ò sì yí padà torí ó pé ọdún 20.

Wọ́n á da ọ́ìlì sọ́wọ́, wọ́n á fi ìka pa á, wọ́n á ní omi lásán nìyí. Ọ́ìlì tútù lẹ fọwọ́ pa yẹn o. Nínú ẹ́ńjìnì ó ń gbóná tó 100°C, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórúkọ ọ́ìlì, 30 nínú 5W-30 tàbí 50 nínú 20W-50. Ẹ wo ìwé táwọn tó ń ṣe ọ́ìlì ń gbé jáde, cSt ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ki tó: ní 40°C, 5W-30 máa ń wà ní bíi 60, 20W-50 ní bíi 160. Tó bá wá gbóná dé 100°C, 5W-30 á bọ́ sí bíi 10, 20W-50 sí bíi 18. Ṣé ẹ rí i? 5W-30 tí ẹ ń pè ní omi yẹn, láàárọ̀ tí mọ́tò ṣì tutù, ó ki ju 20W-50 tó ti gbóná lọ ní ìlọ́po mẹ́ta! Kí wá lẹ ń bẹ̀rù? Láàárọ̀ gan-an ni ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dókè, irin á sì máa ha irin.

Corolla yẹn tún ní VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà; ọ́ìlì fúnra ẹ̀ ló ń yí camshaft, irin tó ń ṣí fáàfù, síwájú sẹ́yìn, ihò tó ń gbà ò tó nǹkan. 5W-30 ni wọ́n kọ sínú ìwé tó bá a wá láti Amẹ́ríkà. Irú ẹ̀ ni mo ń gbé gba Pọbẹ̀ lọ Kétu nínú ooru oṣù kẹta, 5W-30 náà ló ń mu, iná ọ́ìlì ò tàn rí. Ìgbà tí mẹkáníìkì kan rọ 20W-50 sí i láì bi mí, ṣe ló ń dún kọ́kọ́kọ́ láràárọ̀ kó tó rọlẹ̀, ẹsáǹsì sì ń yára tán, mo ní kí wọ́n tú u dànù.

Wọ́n á ní bàbá àwọn fi ọ́ìlì tó ki wa Peugeot 504. Látìgbà tí 504 ti wà ní tuntun ló ti ń mu ún! Wọ́n á ní prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ń lọ sókè tó bá ki, torí ọ́ìlì ò rọ́nà kọjá ni.

Ẹ́ńjìnì tó ti jẹ gan-an tó ń tú èéfín búlúù, 10W-40 lè dín in kù díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ segment (òrùka ara písítìnì) tó ti jẹ, ọ́ìlì kankan ò ní tún un ṣe.

Ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò wò ló ń pa mọ́tò níbí. Ẹ máa fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kí ẹ tó sáná sí i. Ẹni tí ìwé mọ́tò ẹ̀ ti sọnù, ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀.