Agile kò sọ pé kí a má ṣètò

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé Agile, ìyẹn èrò kan nípa bí a ṣe ń kọ sọ́fítíwíà, ní kí àwọn tó ń kọ ọ́ má ṣètò, kí wọ́n má sì kọ nǹkan sílẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn kò fi lè lò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ènìyàn 17 pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ìkéde Agile. Wọ́n ní sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì ju àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ lọ, àti pé gbígba àyípadà ṣe pàtàkì ju títẹ̀lé ètò lọ. Ìkéde yẹn kan náà tún sọ pé ètò àti àkọsílẹ̀ níye lórí. Ẹ lọ kà á ní agilemanifesto.org, kò gùn rárá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í yà sọ́tọ̀ ni èrò àti ọ̀nà ìṣiṣẹ́. Èrò ni Agile. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni Scrum, ẹgbẹ́ kékeré ló sì wà fún. Scrum Guide, ìwé tó ṣàlàyé Scrum, ti ọdún 2020 ní ẹgbẹ́ kan kì í sábà ju ènìyàn 10 lọ. Nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà pọ̀ ni wọ́n ṣe gbé ọ̀nà ìṣiṣẹ́ méjì mìíràn, SAFe àti LeSS, kalẹ̀. Nínú SAFe gan-an, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń jókòó pọ̀ ṣètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 sí 12.

Bí òfin bá sì ní kí báńkì ní àkọsílẹ̀, wọ́n á máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.