Ẹni Tó Ránni Níṣẹ́ Là Ń Bẹ̀rù

Àwọn àgbà ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Aráàlú ló rán akọ̀ròyìn níṣẹ́: wọ́n fẹ́ mọ ibi tí àrùn dé, iye ẹni tó ń kú, àti bóyá ibùsùn ṣì kù nílé ìwòsàn. Àwọn aláṣẹ ni akọ̀ròyìn ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Ṣùgbọ́n bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti gbòde, àwọn aláṣẹ a máa ṣe bí ẹni pé àwọn gan-an ló rán an, wọ́n a sì fẹ́ kó máa bẹ̀rù àwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1918, nígbà tí ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jagun dí àwọn ìwé ìròyìn wọn lẹ́nu kí ọkàn ará ìlú má baà rẹ̀wẹ̀sì. Sípéènì kò sí nínú ogun náà, àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ sì kọ ohun tí ojú wọn rí. Ni ayé bá fi orúkọ orílẹ̀-èdè tó sọ òtítọ́ pe àrùn náà.

Ní ìparí ọdún 2019, ní ìlú Wuhan lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Li Wenliang kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àrùn kan tó jọ SARS, àrùn èémí tó léwu, ti dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2020, ọlọ́pàá gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé irọ́ ló ń tàn kálẹ̀. Ìwé náà bi í bóyá yóò lè jáwọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lè ṣe é. Ó bi í bóyá ó yé e, ó kọ ọ́ pé ó yé òun, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, àrùn yìí kan náà, tí a wá mọ̀ sí kòrónà, pa á. Kó tó kú, ó ti sọ fún àwọn akọ̀ròyìn Caixin, iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní Ṣáínà, pé kò yẹ kí ohùn kan ṣoṣo máa dún láwùjọ tí ara rẹ̀ dá.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ìdí nìyẹn tí Zhang Zhan, tó ti ṣe agbẹjọ́rò rí, fi kúrò ní Shanghai lọ sí Wuhan lóṣù Kejì náà. Ó ya fídíò ilé ìwòsàn tó kún àti òpópónà tó dá páropáro. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n mú un lóṣù Karùn-ún, ó kọ oúnjẹ látìmọ́lé, wọ́n sì ń gba imú rẹ̀ fi rọ́bà rọ oúnjẹ sí i nínú títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá tí ilé ẹjọ́ fi rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin.

Àwọn aláṣẹ a máa ní irọ́ làwọn ń gbógun tì. Lóòótọ́ ni irọ́ pọ̀ nígbà náà, ó sì ṣekú pa àwọn kan. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ti òṣèlú, ti ọdún 1966, gbà kí ìjọba fi òfin dín ọ̀rọ̀ sísọ kù nítorí ìlera, kìkì bó bá pọn dandan. Òfin tí Húngárì ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tó fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá tan irọ́ kálẹ̀, kọjá ààlà yẹn lójú tèmi, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ kò ní í yọ olóòótọ́ sílẹ̀. Àtìmọ́lé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tún léwu fúnra rẹ̀: ní Íjíbítì, wọ́n mú akọ̀ròyìn Mohamed Monir, ẹni ọdún 65, lóṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n tú u sílẹ̀ lóṣù Keje, kòrónà sì pa á ní ọjọ́ 13 oṣù náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ tú àwọn tó wà látìmọ́lé nítorí ìròyìn sílẹ̀ kí àrùn tó bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e jáde, torí ẹni tó rán yín kò rán yín ní irọ́. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìwòsàn láìsí ìbòmú. Ẹ fún un ní ọ̀pá gígùn tí yóò so makirofóònù mọ́, kó má baà sún mọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí kò bá sì sí lára àwọn tó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ yín, tí àrùn wá mú un lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ̀yin ni kí ẹ san owó ìtọ́jú rẹ̀.