Ta ni ń se oúnjẹ fún àwọn ológun inú fíìmù?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi péjọ sílé wa ní Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n ń wo fíìmù ogun kan tí a ṣe ní èdè Yorùbá. Nígbà tí jagunjagun tó jẹ́ olórí eré náà bẹ́ orí ọ̀tá rẹ̀, tí àwọn onílù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù sọ oríkì rẹ̀, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, fò sókè, ó sì pàtẹ́wọ́. N kò bá a wí, nítorí ohun tí fíìmù náà fẹ́ kí ó ṣe gan-an ló ṣe. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti di olóògbé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Wọ́n wà lára àwọn tó ja ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di 1970. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ìbọn rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi wá tí a bá ń wo fíìmù ogun: "Ta ni ń se oúnjẹ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

Èrò ọkàn mi ni pé ìbéèrè yẹn ni a fi ń mọ fíìmù tó kọ ogun yàtọ̀ sí èyí tó kàn fi ogun ṣe ìran àpéwò. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ogun sì máa dùn lójú ẹni tó ń wò ó, bí kò bá ti sí ebi níbẹ̀, tí oko kò di igbó, tí a kò sì rí ìyá kankan tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri.

Àwọn tó fẹ́ràn ogun mọ̀ pé irú fíìmù tó ń fi èyí hàn lágbára. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní All Quiet on the Western Front, tó sọ ìyà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì jẹ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, dé Berlin ní oṣù Kejìlá ọdún 1930, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler, tí Goebbels ṣáájú wọn, tú eku funfun sílẹ̀ nínú ilé sinimá, wọ́n sì ju ohun olóòórùn burúkú síbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti fòfin de fíìmù náà. Ní 1965, Peter Watkins ṣe fíìmù The War Game fún BBC, ó fi bí bọ́ǹbù átọ́míìkì yóò ṣe ba ayé ará ìlú lásán jẹ́ hàn, BBC sì kọ̀ láti gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n títí di 1985. Láàárín ogún ọdún yẹn, àwọn tó ń pè fún àlàáfíà ló ń gbé e káàkiri gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n sì ń jíròrò lé e lórí. Àwọn náà ló ni àmì àlàáfíà róbótó tí Gerald Holtom yà ní 1958 fún ìwọ́de láti London lọ sí Aldermaston, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, àmì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí lára aṣọ òkìrìkà ní Yábàá, tí ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀ láìmọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìtàn àlàáfíà kò wọ́n wa. Ogun Kíríjì, tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì pẹ́ débi pé àgọ́ ogun di ibi tí àwọn èèyàn ń kọ́ ilé sí. Láti Èkó níbí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn. Láti Èkó níbí kan náà ni Gómìnà Moloney ti rán àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, lọ sáàárín àgọ́ méjèèjì, tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ọmọdé wa mọ Ògèdèǹgbé, olórí ogun Ìjẹ̀ṣà, ó sì mọ Látòósà ti Ìbàdàn. Ta ló mọ ohun tí àwọn àlùfáà yẹn sọ tí àwọn tó ti ń pa ara wọn láti ọdún bíi mẹ́sàn-án fi gbà láti gbọ́? Mo fẹ́ kí àwọn olóòtú fíìmù wa bá mi ronú sí èyí.

Ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí ère Ṣójà Ìdúmọ̀tà ti dúró rí ní ìrántí àwọn ọmọ wa tó kú sí ogun àgbáyé, ibẹ̀ náà ni a ti ń ra sinimá agbéléwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò rí fíìmù kan rà níbẹ̀ rí tó sọ ìtàn irú àwọn èèyàn tí ère náà dúró fún. Akọ̀ròyìn òyìnbó, Barnaby Phillips, ló fi fíìmù The Burma Boy sọ ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọ iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó sì ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní 1944, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ ní Burma, òun àti ọmọ Sierra Leone kan sì fara pamọ́ sínú igbó fún oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, bẹ́ẹ̀ bí àwọn ọmọ ogun Japan bá mú wọn, ẹ̀mí wọn ni wọn ì bá fi dí i. Nígbà tí Fadoyebo ti di arúgbó, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, akọ̀ròyìn náà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà.

Fíìmù yẹn ni èmi àti àwọn ọmọ yóò jọ wò ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.