Ẹni tó ní òun máa lò ó kò tíì lò ó

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà pè mí. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, kó lọ kọ áàpù tí òbí á fi máa wá tíṣà tó máa kọ́ ọmọ wọn nílé. Mo ní ṣé ó ti wádìí ọjà náà. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é o. Mo fi fọ́ọ̀mù Google ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èèyàn 212 ló fèsì, 190 ló ní àwọn máa lò ó." Mo ní mélòó nínú 190 yẹn ló ń sanwó fún irú tíṣà bẹ́ẹ̀ lónìí. Kò bi wọ́n. Mo ní mélòó ló ti fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì kọ ọ́ ná!"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. "Gbogbo ẹni tí mo bi ló fẹ́ràn rẹ̀." Àwọn tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ á máa sọ ọ́ bí ẹni pé adájọ́ ló dá a bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ní òun máa lo nǹkan kò tíì ṣe ohunkóhun, ẹnu lásán ni. Láàárín àwa ọmọ Yorùbá, ó tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ kí yín tán, ó ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ dá sílẹ̀ rèé. Ta ni nínú yín ló máa wò ó lójú pé kò wúlò? A ó ní, "Ó dáa gan-an ni. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Àdúrà la ṣe fún un. Òun wá lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà kan ti wọlé.

Ojú tèmi náà ti rí màbo nídìí ẹ̀. Ní 2018, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ kọ áàpù fún àwọn alájọ. Ẹ mọ bí àjọ òòjọ́ ṣe ń rí: alájọ á máa yí ọjà ká, á gba iye tí oníkálukú ń dá, á fàmì sí káàdì, tí oṣù bá parí á kó owó fún olówó, á yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. A ní káàdì ń ya, káàdì ń sọnù, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí fóònù. A gba ọjà Bódìjà lọ n'Íbàdàn, a bi ìyá 43: "Mà, tí ohun tí ẹ lè fi máa wo owó àjọ yín lórí fóònù bá wà, ṣé ẹ máa lò ó?" Àwọn 41 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá aláta kan tiẹ̀ gbàdúrà fún wa, ó bu rodo fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A fi oṣù 7 kọ kóòdù, owó tó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 2 náírà. Nígbà tó jáde, ìyá 6 ló gbà kí a fi sórí fóònù àwọn. Lẹ́yìn oṣù kan ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ mi sì ni.

Ìgbà yẹn la tó jókòó tì wọ́n. Ìyá kan ní fóònù òun, ọwọ́ àwọn ọmọ ló ń gbé. Tí iye owó òun bá ń hàn níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí bàbá wọn á fi mọ̀. Káàdì ní tirẹ̀, ìdí ìró ló ń gbé, kò sẹ́ni tó máa tú u wò níbẹ̀. Bébà tí a pè ní àléébù, òun gan-an ni wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀! A wá béèrè pé ìgbà wo ni káàdì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, kí ni wọ́n sì ṣe. Ọ̀pọ̀ kò rántí. Àwọn tó rántí ní alájọ kàn wo ìwé tirẹ̀ ni, ó kọ káàdì mìíràn fún wọn. Ọ̀rọ̀ tán. Alájọ Ṣómólú tí wọ́n ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́ mọ ọjà jù wá lọ o. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré la fi mọ gbogbo èyí, lẹ́yìn tí oṣù 7 ti lọ, nítorí ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la la kọ́kọ́ bi wọ́n, a ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe lánàá.

Ẹ wo ohun tí Nick Swinmurn ṣe ní San Francisco lọ́dún 1999. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwọ̀ ọ́ wò. Kò pín fọ́ọ̀mù kankan. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó ya bàtà wọn ní fọ́tò, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹnì kan bá sanwó, á padà sí ṣọ́ọ̀bù, á ra bàtà náà ní iye tí wọ́n ń tà á fún gbogbo èèyàn, á fi ránṣẹ́. Èrè wo ló fẹ́ wà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n owó ẹni tí kò mọ̀ rí ti wọlé, ìdáhùn nìyẹn. Iṣẹ́ náà ló di Zappos, tí Amazon rà lọ́dún 2009 ní iye tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là.

Lágbègbè kan náà, lọ́dún kan náà, iléeṣẹ́ Webvan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ bá èèyàn nílé. Ta ló máa ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé ọjà wá bá òun nílé? Wọn ò dúró kí ìlú kan ṣoṣo fi èrè hàn wọ́n kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ bílíọ̀nù 1 dọ́là fún iléeṣẹ́ ìkọ́lé Bechtel, pé kó máa kọ́ ilé ìkẹ́rù káàkiri Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n wọ gbèsè, wọ́n ti ilé.

Àwọn kan á ní fọ́ọ̀mù sàn ju àìṣe ohunkóhun lọ. Kò sàn. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò mọ̀ á rọra ṣe. Ẹni tí fọ́ọ̀mù tàn jẹ ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ní ẹlòmíràn á jí èrò àwọn tí àwọn bá lọ gbé e síwájú oníbàárà, mi ò tiẹ̀ ráyè tiwọn. Ó dáa, mo gbà pé fọ́ọ̀mù lè sọ irú fóònù tó wà lọ́wọ́ èèyàn fún yín, àti pé áàpù tí ọ̀gá pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ lò kò nílò wàhálà tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Mo ní kí àbúrò mi wá òbí 10, kó gba 5,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ àti WhatsApp wá tíṣà fún wọn láìkọ ìlà kóòdù kan. Tí kò bá rí tíṣà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó dá owó wọn padà. Kó má sì tíì kọ lẹ́tà kankan sí ọ̀gá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó dáa gan-an ni. Màá ṣe é."

Mo ní ọjọ́ wo?