Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ò bẹ́, ó wá parí?

Àwòrán àgbo kan ló ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn n'Ìbàdàn báyìí: "A ti dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní láàbù, kò léwu rárá." Ẹ rọra o!

Àyẹ̀wò ọ̀hún, tí wọ́n fi ń wo bóyá oje ewé ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ò le. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tútù sínú ìgò tó ní oògùn EDTA kó má baà dì, ẹ fi centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí ìgò kíákíá kí sẹ́ẹ̀lì lè rọ̀ sísàlẹ̀, yí i, ẹ da omi òkè nù, kí ẹ fi omi iyọ̀ 0.9% fọ sẹ́ẹ̀lì pupa tó kù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi omi iyọ̀ pò ó sí 2%, ẹ da oje ewé sí i, kó wà nínú ooru 37°C fún wákàtí kan. Ẹ tún un yí, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ wo bí omi òkè ṣe pọ́n tó ní 540 nm. Sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ ló ń pọ́n ọn. Ìgò tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú omi iyọ̀ nìkan, láìsí oje, ni òdo. Ìgò Triton X-100, ọṣẹ láàbù, níbi tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti bẹ́, ni 100%.

Ṣùgbọ́n ẹ mú pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n ń tà lọ́jà Bódè. Omi rẹ̀ fúnra rẹ̀ pọ́n! Bí kò bá sí ìgò oje láìsí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa yọ kúrò nínú iye yẹn, àwọ̀ ewé lẹ kà. Èèpo igi tó ń fúnni lẹ́nu tún burú jù: tánnìn inú rẹ̀ á so pupa ẹ̀jẹ̀ pọ̀, á dì sílẹ̀, omi òkè á mọ́ gaara, wọ́n á kọ "0%". Ta ló wo ìdí ìgò?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ọtí ethanol 70% ni láàbù fi fa oje tiwọn, omidùn tàbí ògógóró ni alágbo fi rẹ tirẹ̀. Oje kan náà kọ́. Ẹni tí G6PD rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, ò pé ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ le ni wọ́n lò.

Wọ́n á ní sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ kò ṣáà ju 5% lọ. Ohun èlò ìṣègùn tó ń kan ẹ̀jẹ̀ ni ASTM F756, ìwé ìlànà àyẹ̀wò kan, ṣe òṣùwọ̀n yẹn fún, kì í ṣe àgbo. Ewúro tó ń hó bí ọṣẹ tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, sapọ́nìn ni, ó ń dá ihò sára sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò. Síbẹ̀ a ń jẹ ẹ́, torí díẹ̀ ló ń gba ara ìfun kọjá. Iye wo ni ká wá fi díwọ̀n ohun tí a ń mu? Èmi náà ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.