Ẹni Tó Jókòó Síwájú Yín, Ẹ Ní Kò Sí Láàyè!

Oṣù tún parí, àlááàtì ò wọlé. Ẹni tó bá ní òbí tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Wọn ò pe èèyàn, wọn ò kọ lẹ́tà, owó kàn dákẹ́ ni.

Mo gbé màmá mi, tíṣà àná, lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì. Bọ̀dá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ kí àgbàlagbà. Ó tẹ nọ́ńbà, ó ní, “Mama, ẹ ò sí láàyè níbí o.” Màmá ní, “Ọmọ mi, èmi rèé.” Ó ní òun rí wọn, kọ̀ǹpútà ni ò rí wọn, torí wọn ò wá ṣe àyẹ̀wò pé wọ́n ṣì wà láàyè. Níbo lẹ ti kéde àyẹ̀wò ọ̀hún? Orí íntánẹ́ẹ̀tì! Fún ìyá tó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì!

Ó dáa, kí wọ́n tẹ̀ka. Ẹ̀rọ ò mú un. Màmá nu àtàǹpàkò mọ́ ìró, wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ ò mú un. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ti jẹ ìka yẹn dán! Ó tún ní orúkọ tó wà lórí NIN ò bá ti BVN mu, lẹ́tà kan ló dín. Ṣé màmá mi ló tẹ̀ ẹ́? Ó ní, “Ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì wá.” Ká tó dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ìjókòó ò sí, wọ́n ti ilé ìtọ̀ pa.

Wọ́n ní torí àwọn tó ń forúkọ òkú gbowó ni àwọn ṣe ń ṣe àyẹ̀wò. Ta ló ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀ ọ̀hún, bí kì í bá ṣe ẹni tó di ìwé mú? Àwọn àgbàlagbà kan ti kú sórí ìlà àyẹ̀wò rí nílẹ̀ yìí, ojú ò tì wọ́n. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 210, ní kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìyẹn ò ká wọn lára. Ṣùgbọ́n ní 2007, Èkó yára ṣòfin ilé àti mọ́tò fún gómìnà tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí gómìnà, kọmíṣọ́nà àti aṣòfin tò sẹ́yìn màmá mi lóṣooṣù, kí wọ́n tẹ̀ka kówó oṣù wọn tó wọlé. Ẹni tí ẹ̀rọ ò bá mú, kó lọ búra pé òun ò tíì kú. Kó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dání. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun o, wọn ò gba pupa.