Wọ́n Ní Ìtàn Ìdàgbà Ni, Ọmọ Inú Rẹ̀ Kò Dàgbà

Ó ti sú mi! Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 13, ló bẹ̀ mí pé, “Àǹtí, ẹ bá mi wá ìwé tí ọmọ inú ẹ̀ ń dàgbà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe ń ṣe mí yìí náà ló ń ṣe àwọn yòókù.” Mo ra ọ̀kan tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, mo ní kí n kọ́kọ́ kà á ná. Àná ni mo parí ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọbìnrin ọdún 16 ló ń sọ ìtàn náà. Kò tíì ju ojú ìwé kejì lọ tó fi lọ dúró níwájú dígí, tó ń ka àwọ̀ ẹyinjú ara ẹ̀ àti gígùn irun ẹ̀ sí wa létí. Ọmọ ọdún 16 wo ló ń wo dígí báyẹn? Nígbà tèmi, irorẹ́ kan ṣoṣo tó yọ síwájú orí mi ni mò ń wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mi ò rí ojú kankan níbẹ̀, irorẹ́ ni mo rí.

Àwọn òbí ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti kú. Ìwé mẹ́ta tí mo kà ṣáájú èyí, òbí kú nínú gbogbo wọn! Ìdí ẹ̀ kò sì ṣòro mọ̀. Bí ìyá bá wà láàyè, á béèrè ibi tí ọmọ ń lọ lóru, òǹkọ̀wé kò sì fẹ́ wàhálà. Wàhálà yẹn gan-an mà ni ìdàgbà! Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa irọ́ gidi fún ìyá mi. Ó wojú mi, ó ní, “Ó dáa,” ó sì padà sídìí aṣọ tó ń ká. Ó gbà mí gbọ́. Mo di ilẹ̀kùn mú níbẹ̀, mi ò lè jáde, mi ò sì lè padà lọ jẹ́wọ́. Ta ni yóò kọ irú ìyẹn fún ọmọ yìí?

Nínú ìwé àná, ọmọ náà ṣẹ́gun ọba, ó gba ìlú sílẹ̀, ọkùnrin méjì ń du ìfẹ́ ẹ̀. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ṣe àṣìṣe kan tó lè pè ní tiẹ̀. Bó ṣe wọlé ló ṣe jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bí ìwé ọ̀dọ́ ṣe ń rí nìyẹn. Ọmọ ọdún 15 ni S. E. Hinton, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn The Outsiders, tó jáde lọ́dún 1967, torí kò rí ìwé tó sọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe rí. Ọmọ tó gún ẹnìkan pa nínú ìtàn yẹn kò dúró sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ẹ̀rù bà á, ó sá, ó fara pamọ́, ó wá sọ níkẹyìn pé òun fẹ́ lọ fa ara òun lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọmọ iléèwé ló kọ ọ́ o! Kí wá ni àgbàlagbà ń wò?

Wọn ò tilẹ̀ parí ìtàn inú ìwé tí mo rà yìí. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹnìkan wọlé, ó tán. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan lára ẹ̀yìn ìwé pé apá kìíní ni.

Ọmọ yẹn ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí pé, “Àǹtí, ṣé ẹ ti kà á tán?” Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú mi. Mi ò ní fún un.